Búréèkì Didar Ṣì Ń Mú

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Didar, ọkọ mi, o kú, o fi Mehrangez ọmọbìnrin wa rọ́pò. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kó wá wo ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún jíìpù ṣe ní Gulmit lónìí!

Ọdún mẹ́ta rèé tí o ti lọ. Ẹkún ò tíì gbẹ lójú wa tí Sherbaz àbúrò rẹ fi ní ká ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ní, "Ìyàwó, ọmọbìnrin wo ló ń rá wọ abẹ́ jíìpù? Ta ló máa fẹ́ ẹ pẹ̀lú ọ́ìlì lọ́wọ́?" Mo ní, "Ẹni tí kò bá fẹ́ kú sójú ọ̀nà ni yóò fẹ́ ẹ." A ò tì í! Ọlọ́run ò jẹ́ ká tì í!

Didar, akọni tí kì í fi òòlù pa páìpù búréèkì tó jò lẹ́nu dé, kí taya kan máa lọ láìní búréèkì! Ìwọ lo máa ń sọ fáwọn awakọ̀ tó ń gun òkè lọ sí Shimshal pé ẹsẹ̀ mẹ́rin l'Ọlọ́run fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹni tó bá fi mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kó dágbére fún ìyá rẹ̀. Ọmọ rẹ ò gbàgbé. Páìpù tó bá jò, á yọ ọ́ dànù. Rọ́bà tó bá sán, á yọ ọ́ dànù. Wọ́n bú u ní alágídí. Ó ní bàbá òun náà nìyẹn.

A ti kan òrùlé tí yìnyín wó. Igi ápríkọ́ọ̀tì tí o gbìn ti so.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sherbaz ń kó ọ̀dùnkún bọ̀ láti Shimshal, páìpù ẹ̀yìn bá jò. Ojú ń tì í láti wá bá wa. Ó ní kí wọ́n bá òun fi òòlù pa á lẹ́nu dé lọ́nà. Taya mẹ́ta ló kù tó ń di jíìpù mú! Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè odò, ó tẹ búréèkì, jíìpù fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àpáta ló gbà á dúró. Ọ̀dùnkún nìkan ló bá odò lọ. Ọpẹ́ ni f'Ọlọ́run.

Àárọ̀ òní, ọjọ́ ìrántí rẹ gan-an, ni wọ́n wọ́ jíìpù náà dé ẹnu ọ̀nà wa. Mo ní, "Ṣé ẹ wá ti ṣọ́ọ̀bù ni?" Sherbaz ń wo ilẹ̀. "Ìyàwó, má tún pa mí lẹ́ẹ̀kejì."

Mehrangez gbé irinṣẹ́ rẹ̀. Ó rá wọ abẹ́ jíìpù, ó yọ gbogbo páìpù àti rọ́bà, ó fi tuntun sí i. O mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo kì í lé afẹ́fẹ́ jáde nínú búréèkì: ẹnì kan á wà lábẹ́, ẹnì kan á máa tẹ̀ ẹ́ lókè. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ fún ọ láyé rẹ. Èmi náà ni mò ń tẹ̀ ẹ́ fún ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n lónìí, mo jókòó sábẹ́ ápríkọ́ọ̀tì rẹ, mi ò dìde.

Àárò rẹ ń sọ wá, Didar. A fẹ́ràn rẹ, a ò sì ní yéé fẹ́ràn rẹ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ọ sí afẹ́fẹ́ rere. Ikú mú ọ, kò rí iṣẹ́ rẹ mú! Ìwọ náà gbọ́ ohùn ọmọ rẹ lábẹ́ jíìpù, bó ṣe ń pe àbúrò rẹ:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ inú jíìpù, ẹ bá mi tẹ búréèkì."