Iná Méjì Lábẹ́ Èbúté

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara yín le? Orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́, ṣé ó ti gbà kí ẹ máa gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù fọ́tò yín láìsinmi ní agbede méjì? Mo bẹ Ọlọ́run kí àlàáfíà má jìnnà sí ilé yín. Àwa náà wà dáadáa níbí. Màmá wà digbí, wọ́n ní kí n kí àbúrò àwọn.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olè kó ni lẹ́rù lọ ni. Mi ò fẹ́ jẹ́ olè. Ohun tó sì wà lọ́kàn mi pọ̀ ju ohun tí mo lè sọ lórí fóònù láìsunkún lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo sọ fún yín yẹn, a ti parí rẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó èbúté ló gbé e fún èmi àti ẹnìkejì mi, ọ̀gbẹ́ni pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní Ẹja-Gbígbẹ. Wọ́n ní ká mòòkùn, ká ya fídíò àwọn òpó tó gbé èbúté dúró, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì lágbára. Ibẹ̀ gan-an ni Màmá ń gbà kọjá lọ wọ ọkọ̀ ojú omi láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹ̀gbọ́n yín. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti ń béèrè pé, ẹni tí Ọlọ́run fún lẹ́sẹ̀, kí ló ń wá lọ síbi tí ẹja ń gbé? Nígbà tí mo fi fídíò mi àkọ́kọ́ hàn wọ́n, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní: "Ibi tó rí wúruwùru báyìí lo torí ẹ̀ fẹ́ pa mí?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Gbogbo rẹ̀ rí bí omi tí wọ́n fi fọ aṣọ iṣẹ́.

Àìsí iná gidi ló fà á. Bí a bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi ń gba àwọ̀ lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ òòrùn, pupa ló sì ń kọ́kọ́ gbà. Ohun tó pọ́n fòò lókè á dà bí eérú nísàlẹ̀, àfi kéèyàn gbé iná tirẹ̀ dání. Ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin tó ń tajà tan iná ńlá kan sára ògiri, ojú kan ṣoṣo ló mọ́lẹ̀, ó mọ́ bí ẹni pé ó fẹ́ dá ògiri náà lu. Ó ní: "Baba gbogbo wọn rèé!" Àwọn iná méjì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn kàn tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Baba gbogbo wọn ni ọkàn mi ń fà sí. Ìgbà yẹn ni mo pè yín.

Mo gbọ́ ẹkún ọmọ ọwọ́ tí ẹ ń ya fọ́tò rẹ̀, síbẹ̀ ẹ ò lé mi. Ẹ ní: "Ṣé iná tí o fi ń wá nǹkan lo fẹ́ rà ni, àbí èyí tí o fi ń ya nǹkan? Èyí tó ń gún ojú kan, ojú kan náà ló máa fi hàn ọ́. Àárín á funfun, ẹ̀gbẹ́ á ṣókùnkùn. Èyí tó tẹ́ ni kó o mú. Má sì gbé e sún mọ́ ojú kámẹ́rà o, ìdọ̀tí inú omi á kàn máa tàn yanranyanran lójú rẹ. Nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́tùn-ún lósì." Ọkùnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé màmá yẹn náà máa ń mòòkùn ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú báàfù.

Ọjọ́ tí a wọ omi, ó rú díẹ̀. Mo ti so iná kékeré méjèèjì tí mo rà mọ́ apá gígùn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, bí ẹ ṣe wí. Nígbà tí mo tàn wọ́n sí òpó àkọ́kọ́, Àǹtí mi, mo gbàgbé pé iṣẹ́ ni mo bá wá. Òpó tí mo rò pé ó dúdú ti wọ aṣọ! Àwọn ẹ̀dá rírọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn pupa, wọ́n pọ́n bí ọsàn tó gbó, òmíràn rí bí òdòdó, ó ń ṣí, ó ń pa dé bí ẹni ń mí.

Ibi tí mo ti ń wòran ni mo ti wòye pé Ẹja-Gbígbẹ kò tẹ̀ lé mi mọ́. Mo yíjú padà. Àwọ̀n àtijọ́ kan tó já sára òpó ti há mọ́ táǹkì afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bó ṣe ń yí ni ó ń wé mọ́ ọn sí i. Tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀, irú èyí tó ń gún ojú kan, kò fi nǹkan hàn án ju ìka ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí iná mi ṣe dé ara rẹ̀, ó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rí ibi tí àwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, mo rí ibi tó ti dì. Mo tún rí apá kan tó ń fì lẹ́yìn èmi gan-an, tí ì bá mú mi ká ní mo sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i pé kó dúró jẹ́ẹ́. Ó dúró, ojú rẹ̀ là kalẹ̀. Mo fi kámẹ́rà há igun òpó kí iná lè kọjú sí i, mo yọ ọ̀bẹ, mo sì ń gé okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi bọ́.

A rọra gòkè. Nínú ọkọ̀, ó sọ táǹkì ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní: "Sọ fún àǹtí rẹ onífọ́tò pé àwọn ló bí mi lẹ́ẹ̀kejì." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bú sẹ́kún pa pọ̀. Ká ní mo gbé baba gbogbo wọn wọ omi lọ́jọ́ náà, mi ò mọ irú lẹ́tà tí ǹ bá máa kọ sí yín.

Fídíò náà mọ́ kedere débi pé àwọn ará èbúté rí ibi tí òpó kan ti sán. Wọ́n ti ti ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pa, wọ́n sì ti ń tún un ṣe báyìí. Àwọn tó ń gba orí rẹ̀ kọjá kò mọ̀ pé ẹ̀yin ló yẹ kí wọ́n kí.

Mo fi gbogbo rẹ̀ han Màmá, mi ò fi ohunkóhun pa mọ́. Nígbà tí wọ́n rí òpó pupa yẹn, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú. "Abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni gbogbo èyí wà látọjọ́ yìí?" Nígbà tó kan ibi àwọ̀n, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò jù ú sílẹ̀ títí okùn tó kẹ́yìn fi já. Wọ́n wá ní ẹ̀rù ṣì ń ba àwọn, kò sì ní yé ba àwọn. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gbé àpò mi jáde, wọn ò pòṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní: "Lọ ire, bọ̀ ire. Bó o bá dé, wá sọ ohun tó o rí fún mi."

Àǹtí mi, ẹ ṣeun tí ẹ dá mi lóhùn. Ojú yín kò ní ṣe bàìbàì, ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n lórí iṣẹ́. Ibi tí ọ̀nà bá ti dí fún yín, ẹ ó rí ẹni tó máa là á. Ẹ ó jèrè gbogbo wa.

Èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tí kò lè gbàgbé yín,
Òmùwẹ̀.

Mo fẹ́ gbàgbé: Ẹja-Gbígbẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní àwọn ò tíì jókòó pọ̀ ya fọ́tò rí, òun ò sì fẹ́ fi falẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, àárín ni kí ẹ fi í sí. Bó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ẹ lè gé e kúrò láìmọ̀.