Ọ̀nà Ńkọ́, Mai Fìtílà?

Ungwan Romi,
Kàdúná.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023.

Hàjàrá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Bí bàbá rẹ ṣe kọ́ mi láti máa kí ará ilé rẹ̀ nìyẹn, mo sì fi ti ilé tiwa kún un: ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ kò mu ọ́ lómi jù? Ṣé ara bàbá ń le sí i, ṣé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń di ife mú? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá Àyànfẹ́ ní kí n kí ọ dáadáa. Orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bí ó ti máa ń ṣe, àti oorun mi.

Ohun tó ń gba oorun lójú mi láti ìgbà tí ìwé eré tuntun rẹ ti dé ọwọ́ mi nìyí. Afárá odò, bóyá ó ṣì lágbára tó láti gbé gbogbo àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń gùn ún. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ní ó máa ń dojú dé tí wọ́n bá sáré yà sí kọ́nà. Táǹkì omi tí aládùúgbò wa gbé lé orí ògiri tí kò nípọn. Bóyá mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bóyá ẹ̀fọn Rigasa lọ́dọ̀ yín burú ju tiwa lọ. Bóyá ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún lè kọ́ òfin eré mìíràn láìfi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Àti èyí tó wúwo jù, tí mo fi sí ìparí nítorí ọwọ́ mi ń lọ́ra láti kọ ọ́: bóyá bàbá rẹ á mọ̀ mí tí mo bá dé.

Ìbéèrè kan péré ni o bi mí nínú ìwé kékeré tí o há mọ́ ìwé eré náà, pé, “Bàbá, ṣé ẹ ó wá sílé wa wá bá wa dán eré yìí wò?” O ní eré àtijọ́ kò ṣeé ṣe fún bàbá mọ́, torí nọ́ńbà ti sá kúrò lórí rẹ̀ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú. O ní ó ń ju dáìsì, ó sì ń wò ó bí ẹni tó rí òkúta lójú ọ̀nà. O ní eré tuntun yìí kò ní ìṣirò, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láàárín ìwọ àti òun nìkan, àti pé tí n kò bá wá, ìwọ kò ní bínú, o kàn máa kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí ni. Hàjàrá, páálí tí o dárúkọ yẹn kò jẹ́ kí n jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ṣé o rántí bí a ṣe bẹ̀rẹ̀? O ti Yunifásítì ní Zaria dé, o ní eré kan wà tí èèyàn ń fi ẹnu ṣe, tí ẹnì kan á máa sọ ìtàn, tí àwọn tó kù á wà nínú ìtàn náà, tí dáìsì á máa sọ bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Mo rò pé ọmọdé ló ń ṣe é. Bàbá rẹ ló ní ká lọ wò ó, torí láti ìgbà tí rògbòdìyàn ti lé òun kọjá sí òdìkejì odò, a kò ní ibi tí a ti ń rí ara wa mọ́ ju ibi òkú àti ibi ìgbéyàwó lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di èrò kíláàsì rẹ ní àárín ìlú ní ọjọ́ Sátidé, arúgbó méjì lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ iléèwé, tí àwọn tó ń kọjá lójú fèrèsé ń bi ara wọn pé irú ìdánwò wo ni àwọn bàbá yìí fẹ́ ṣe.

Nínú eré náà, bàbá rẹ ni Garkuwa, tó ń gbé asà. Èmi ni Mai Fìtílà, tó ń gbé iná ṣáájú, tó ń wo ilẹ̀ bóyá kòtò wà. Bàbá rẹ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, á ní, “Japhet, àwọn yòókù ń ṣe eré, ìwọ ń ṣe ara rẹ.” Á ní mo máa ń yẹ ẹnu ọ̀nà wò títí olè tó wà nínú ilé á fi sùn lọ. Ṣùgbọ́n Garkuwa kò gbé ẹsẹ̀ kan rí láìkọ́kọ́ bèèrè pé, “Mai Fìtílà, ọ̀nà ńkọ́?” Nígbà mìíràn màá dáhùn pé, “Ọ̀nà dára.” Nígbà tó pọ̀ jù, màá ní, “Dúró ná.” Á sì dúró. Nínú gbogbo ayé mi, òun nìkan ni ẹni tí mo ní kó dúró tí kò pòṣé.

Ìdí tí mo fi ń rán ọ létí orúkọ yìí nìyí. Lọ́jọ́ tí o fi ọkọ̀ rẹ gbé mi lọ wo bàbá rẹ ní ọsibítù ní oṣù Kẹfà, o jáde lọ ra oògùn, o kò sí níbẹ̀. Mo sọ orúkọ mi fún bàbá rẹ. Mo ní èmi ni Japhet, Bàbá Àyànfẹ́, tí a jọ gbé ilé kan, tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a ṣe ń rín sí àlejò, ó sì yí ojú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú iná lọ. Gbogbo wọ́ọ̀dù ṣókùnkùn. Mo fa tọ́ọ̀ṣì kékeré mi yọ, torí o mọ̀ pé n kì í jáde láìmú un dání, mo sì tan án. Láti orí ibùsùn ni mo gbọ́ ọ, ó rọra, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: “Mai Fìtílà, ọ̀nà ńkọ́?” Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti mú iná dé, nọ́ọ̀sì ti wọlé, ó sì ti gbàgbé. Ìdáhùn náà ṣì wà lẹ́nu mi dòní.

Nítorí náà, nígbà tí mo ṣí ìwé tuntun yìí, tí mo rí i ní ojú ìwé àkọ́kọ́ pé kí olúkúlùkù fi ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ kó sì mú orúkọ tuntun, mo pa á dé. Japhet ti sọ nù lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí mo bá tún gbé Mai Fìtílà jù sílẹ̀, kí ló kù tó máa fi mọ̀ mí?

Síbẹ̀, mi ò purọ́ fún ọ, ọkàn mi kò kúrò lára ìwé náà. Mo pa á dé ní àárọ̀, mo ṣí i ní ọ̀sán. Báwo ni eré ṣe lè wà láìsí dáìsì? Ta ló máa sọ bóyá ilẹ̀kùn ṣí? Mo kà á títí mo fi rí i pé ìbéèrè méjì ni gbogbo rẹ̀. Asọ̀tàn á bèèrè pé, “Kí ni ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ níbí?” Ẹni tó bá dáhùn á mú hóró kan nínú abọ́ tó wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà asọ̀tàn á bi í pé, “Kí lo máa ṣe sí i?” Ẹni náà á dá hóró náà padà, á sì sọ ohun tó ṣe. Mo ní fún Ìyá Àyànfẹ́ pé eléyìí kì í ṣe eré. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣe é ká mọ̀. Ẹ ń ṣí ìwé yẹn, ẹ ń pa á dé, bí ẹni tó ń wo ìkòkò.”

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, a jókòó sí pálọ̀. Ìyá Àyànfẹ́ ni asọ̀tàn, torí ohùn rẹ̀ já gaara. Ẹ̀pà sísun ni a fi ṣe hóró. Dominic, aládùúgbò wa ọmọ Kafanchan, tó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, rí abọ́ ẹ̀pà láti ojú fèrèsé, ó ní òun náà á ṣe. A di arìnrìn-àjò méjì tó fẹ́ kọjá odò lọ kí ọ̀rẹ́ wọn.

Ìyá Àyànfẹ́ bèèrè pé kí ni ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Dominic ní, “Allah ya kiyaye,” pé kí Ọlọ́run ṣọ́ wa. Mo ní, “Àmín.” Asọ̀tàn fúnra rẹ̀ ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i. A tẹ̀ síwájú. A dé inú igbó. Kí ni ohun tó burú jù? A kò ní kàgbákò. Àmín. A dé àárín àwọn àpáta. Ẹsẹ̀ wa kò ní kọ. Àmín. Hàjàrá, ìrìn àjò náà tutù bí omi àmù. Kò sí ejò, kò sí ẹ̀gún, kò sí òjò pàápàá. Kò sẹ́ni tó rí hóró kankan gbà, Dominic nìkan ni, torí ó ti ń jẹ wọ́n. Nígbà tí mo bèèrè ohun tó ń ṣe, ó ní ọ̀nà náà gùn, kò sì sẹ́ni tó gbé oúnjẹ dání.

Ìyá Àyànfẹ́ gbé ìwé sílẹ̀, ó ní, “Bàbá Àyànfẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń jí mi lójú oorun pé táǹkì fẹ́ wó, ẹ̀yin lẹ kò rí aburú kan sọ?” Mo ní a kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi. Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ń rìn ni? Arìnrìn-àjò ló ń rìn. Nígbà tí ìyá yín ń pàlọ́, tí Ìjàpá há sínú pàkúté, ta ló ṣe àmín fún un?”

Nígbà tí a dé etí odò tó sì tún bèèrè, mo wo abọ́ ẹ̀pà, mo ní, “Afárá ti já.” Dominic ní, “Kai!” Mo mú ẹ̀pà mi. Ó wá bèèrè èkejì: kí ni arìnrìn-àjò máa ṣe sí i? Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ń dààmú ara mi, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kejì yẹn rí. Àníyàn tèmi kì í bèèrè rẹ̀. Afárá á já, èmi á sì dúró sí etí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó parí. Mo ronú, mo ní, “Á wá ọlọ́kọ̀ ojú omi.” Mo dá ẹ̀pà padà. Dominic, tí òye ti yé, ní ọlọ́kọ̀ náà ti mutí yó, ó sì mú ẹ̀pà méjì dípò ẹyọ kan. Láti ibẹ̀ lọ, ẹnu wa kò dúró mọ́.

Nígbà tí a kọjá tí a dé ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ náà, Ìyá Àyànfẹ́ bèèrè ìbéèrè àkọ́kọ́. Mo ní, “Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, kò mọ̀ ọ́n.” Dominic kò jẹ ẹ̀pà ẹnu rẹ̀ mọ́. Ìyá Àyànfẹ́ wò mí, ó ní, “Kí ni ẹ máa ṣe sí i?” Kò sọ pé arìnrìn-àjò. Mo di ẹ̀pà náà mú títí ó fi gbóná lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Màá jókòó.” Ó ní, “Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?” Mo ní, “Màá tan iná.”

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ ni pé màá wá, màá dán an wò. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣá. Jẹ́ kí a gbé orúkọ àtijọ́ wọ inú eré tuntun. Jẹ́ kí ó jẹ́ Garkuwa, kí n sì jẹ́ Mai Fìtílà. Mo mọ̀ pé ìwé kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti wò ó délẹ̀délẹ̀, mi ò rí ibi tí wọ́n kọ ìjìyà rẹ̀ sí. Má sì ṣe fi ẹ̀pà ṣe hóró, ó lè há a lọ́fun. Mo ti já bọ́tìnnì ńlá kúrò lára kóòtù mi àtijọ́, èmi ni n ó kó wọn wá. Dominic ní òun á sìn mí wá, òun náà á sì bá wa ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́tìnnì kò dùn mọ́ ọn nínú.

Kí Ọlọ́run tí èmi àti bàbá rẹ jọ ń pè má ṣe jẹ́ kí ìtọ́jú rẹ lórí rẹ̀ já sí asán. Ọwọ́ tí o fi ń bọ́ bàbá kò ní rọ. Àwọn ọmọ tìrẹ náà á ṣe é fún ọ, ní ọjọ́ ogbó tó dára. Ilé yín á tura, ẹ̀rín á padà síbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ,
Japhet Ọláṣẹ̀hìndé.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Ìyá Àyànfẹ́ ti ka lẹ́tà yìí, ó ní mo kọ ti afárá, mo kọ ti ẹ̀pà, mo kọ ti bọ́tìnnì, mi ò kọ ọjọ́. Ó ní ẹni tó ní òun ń bọ̀ láìdá ọjọ́ ṣì wà lórí ibùsùn rẹ̀. Nítorí náà, jọ̀wọ́, tí iná bá lọ, tí bàbá rẹ bá tún bèèrè, bá mi dá a lóhùn pé ọ̀nà dára, Mai Fìtílà ń bọ̀ ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá yìí.