Ènìyàn Méje Kọ́ Ni Wá

Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Elépo,
Abúlé Adéjọbí,
Lọ́nà Òde-Ayé,
Okitipupa.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1973.

Akọ̀wé Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Ìbílẹ̀ Ìsàlẹ̀ Ùṣàrà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ LÓRÍ AFÁRÁ ODÒ ÙṢÀRÀ TÍ Ẹ KỌ̀ LÁTI TÚN ṢE

Èmi ni alága àwọn obìnrin tó ń ṣe epo pupa ní Abúlé Adéjọbí. Ní oṣù keje, a lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ambrose, alábòójútó ọ̀nà yín, pé kí ó bá wa tún afárá tí ọkọ̀ agbégẹdú wó mọ́lẹ̀ ṣe. Ó ṣí ìwé ìkànìyàn ọdún 1963, ó ní ènìyàn méje ló wà ní abúlé wa, pé ìjọba kì í ṣe afárá fún ènìyàn méje. Ó tún fi wá rẹ́rìn-ín.

Bí méje náà ṣe wáyé nìyí. Ní ọdún 1963, àwọn àgbà Òde-Ayé, ìlú àwọn bàbá wa, ránṣẹ́ pé kí gbogbo ọmọ ìlú wálé wá ṣe ìkànìyàn, kí ìlú má baà kéré lójú àwọn ará ibòmíràn. Ọmọ tó mọ ilé bàbá rẹ̀ kì í kọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. A ti ilẹ̀kùn, a pọn ọmọ, a lọ. Àwọn tó kù ni Lucas apẹja, ará Ìlàjẹ tó ń bá wa gbé, Dora ìyàwó rẹ̀, ọmọ wọn mẹ́rin, àti Ìyá Àrìnkẹ́ tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́. Olùkànìyàn yín rí àgádágodo lára ilé tó lé ní ọgọ́ta, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ẹ má sọ pé ẹ̀bi wa ni. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, títì ni ọ́fíìsì yín wà, nítorí pé akọ̀wé, òjíṣẹ́ àti ọlọ́dẹ ti lọ ka ara wọn ní ìlú wọn. Ta ló wá sọ pé kí ẹ má ṣe ọ̀nà tó lọ sí ọ́fíìsì náà, nítorí pé kò sí ènìyàn níbẹ̀? Ẹ ń da ọ̀dà sí i lọ́wọ́ báyìí. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Bí ẹ bá sì ń gba owó orí, a kì í jẹ́ méje.

Nígbà tí afárá wà, lọ́rì máa ń wọlé wá kó epo wa. Báyìí, orí la fi ń rù ú dé etí omi, Lucas á sì fi ọkọ̀ rẹ̀ tù wá kọjá. Ìyẹn ṣe é fara dà. Èyí tí kò ṣe é fara dà ni ti Morìnsọ́lá, ìyàwó Vincent àbúrò mi. Ó ń rọbí ní oṣù kẹjọ tó kọjá yìí, odò sì ti kún. Mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù dúró lódìkejì, dírẹ́bà ń fọn fèrè, a ń gbọ́ ọ. A gbé e sínú ọkọ̀ Lucas, ẹ̀ẹ̀mejì ni omi sì gbá ọkọ̀ náà lọ kí ó tó gúnlẹ̀. Orí iyanrìn ni Morìnsọ́lá kú sí, toyún toyún. Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Ìkànìyàn mìíràn ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá. Òde-Ayé ti tún ránṣẹ́ sí wa, a sì ti dá iṣẹ́ náà padà pé a kò wá. Ó dùn wá, nítorí àwọn ẹbí kan kò kí wa mọ́. Ṣùgbọ́n inú ilé wa la ó wà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, bí ẹ̀bẹ̀ bá ń wọ̀ yín létí, ẹ tún afárá náà ṣe kí oṣù kọkànlá tó dé. A ti bá Lucas sọ̀rọ̀. Kò ní tu òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ kankan kọjá. Bí olùkànìyàn yín bá dé etí odò, yóò rí èéfín ilé ìdáná wa, yóò sì máa gbọ́ ohùn wa bí a ti gbọ́ fèrè mọ́tò ọjọ́ náà. Kí ó dúró síbẹ̀ kà wá.

Ẹ ṣeun bí ẹ bá kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, ọ̀kan nínú àwọn tí kò sí nínú ìwé yín,

Eunice Ìbítáyọ̀ (Ìyáàfin),
Alága, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Elépo.