Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Tí Mo Fún Corinne

                                        Ojúlé 14, Òpópónà Sycamore,
                                        Pruett's Landing,
                                        Arkansas.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Karùn-ún, 2023.

Twyla, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Roscoe ọkọ rẹ ńkọ́, àbí odò ló ṣì ń sùn sí nítorí ẹja? Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀ láti oṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n ó ti balẹ̀ báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ Corinne ọmọ mi ni, tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé-ìwé etí odò tí èmi àti ìwọ ti jáde. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, síbẹ̀ bí kò bá tíì pè mí láàárọ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Òun àti àwọn olùkọ́ ilé-ìwé orí òkè fún àwọn ọmọ ilé-ìwé méjèèjì ní ìdánwò kan náà, wọ́n bo orúkọ, wọ́n sì jọ máàkì rẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa tó ń gba A, C ni wọ́n gbà! Ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ tiwa ti gbó, kò tilẹ̀ dé ìdajì ibi tí tiwọn dé. Ni Corinne bá ní òun máa sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́.

Mo ní, "Corinne, ṣé orí ẹ pé? Ìwọ lo fún wọn ní A yẹn! Wọ́n á lé ẹ dànù."

Ó ní, "Mọ́mì, kí wọ́n lé mi. Mi ò lè máa tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ mọ́."

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, gbọ̀ngàn ìpàdé kún dẹ́nu. O mọ àṣà wọn: ìṣẹ́jú mẹ́ta péré fún ẹni tó bá kọ orúkọ sílẹ̀, bí aago bá ti dún, o pa ẹnu dé. Corinne ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé àánú lòun fi ń fún wọn ní máàkì ni aago dún. Ọ̀gbẹ́ni Haskell, alága, ní, "Ó tó, ìyáàfin. Ẹni tó kàn!"

Twyla, èmi ló kàn. Mo ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lé ọmọ mi. Mo wo Corinne, mo ká ìwé ẹ̀bẹ̀ náà sínú báàgì, mo ní, "Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́ta mi fún un."

Delbert tó ń ta táyà, tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì Corinne, ní, "Ẹ fi tèmi náà kún un!" Obìnrin kan láti orí òkè ní, "Àti tèmi!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi tiwọn kún un.

Haskell ní, "Àbí ẹ fẹ́ ká sùn síbí ni?"

Delbert ní, "Ọ̀gá, ẹ̀ ń jẹ nínú àkókò wa o!" Ẹ̀rín bú sọ nínú gbọ̀ngàn.

Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Lọ́jọ́ yẹn, ó tà. Ènìyàn mẹ́fà nínú àwọn méje tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà ló dìbò pé ìwé kan náà ni kí ilé-ìwé méjèèjì máa lò, kí àwọn olùkọ́ sì máa jọ máàkì. Wọn ò lé Corinne. Wọ́n ní ẹni tó lè jẹ́wọ́ àṣìṣe ara rẹ̀ ni kó máa darí máàkì ọ̀hún.

Lánàá, èsì ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ máàkì lẹ́yìn ìpàdé náà jáde. C ni ọmọbìnrin Delbert gbà. Twyla, ọkùnrin yìí lẹ ìwé èsì náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń pe àwọn oníbàárà wá wò ó: "Ẹ wá wo C gidi!"

Bá mi kí Roscoe àti àwọn ọmọ.

Èmi náà nìyí, ọ̀rẹ́ rẹ tó ti ń rí oorun sùn,
Maxine