Òkè Ìwọ́ Ti Wọkọ̀ Wá Bá Ọ

Taoheed Àkànní, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara Haleemah ìyàwó rẹ le, ṣé ariwo Mùṣín kò tíì dí yín létí? Àwa tí a wà nílé dúpẹ́, orúnkún mi nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Aláwùràbí kò ní já wa kulẹ̀ o, àmín.

Ọ̀rọ̀ Òkè Ìwọ́ etí odò wa ni mo fi kọ̀wé. Àwọn oníyanrìn kan wá, wọ́n gbé ẹyẹ onírin kan sókè, ó ń kùn bí oyin lórí òkè. Wọ́n ní àwòrán ló ń yà, ni mo bá sáré lọ wọ aṣọ Iléyá mi, mo dúró, mo rẹ́rìn-ín títí ọrùn fi ń ro mí. Títí di òní, wọn kò tíì fún mi ní fọ́tò mi. Ọ̀dọ́kùnrin wọn wo fóònù, ó ní kò sí òkè kankan níbẹ̀ nínú máàpù, ilẹ̀ lásán ni. Orí òkè náà la sì jọ dúró sí o!

Mo ní ẹni tí kò mọ̀ là ń kọ́. Mo gbé fóònù tí o rà fún mi gun òkè, mo tẹ ibi tó ti máa ń dáhùn, mo sì ro ìtàn fún un: pé òkè yìí ló ń dínà omi kí odò má baà gbé ilé wa lọ, pé àgbàlá wa kì í gbẹ lójò, omi á hú ohun tí a bá sin síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń sin ìwọ́ ọmọ tuntun sí ẹsẹ̀ òkè láti ayé àwọn bàbá wa. Tèmi wà níbẹ̀, tìrẹ náà wà níbẹ̀, bàbá rẹ ló gbẹ́lẹ̀. Fóònù fi Òyìnbó dá mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ mi kò yé òun. Mo dárí jì í, kì í ṣe ọmọ ibí.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá ni katakata agbẹ́lẹ̀ wọn dé. Wọ́n ti gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè lọ, Àkànní, mo sunkún. Mo lọ dúró síwájú típà wọn. Rilwan tó ń wà á, ọmọ tó mọ̀wàáhù ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní kí n má bínú, pé Ìwáyà lòun ń gbé yanrìn náà lọ, pé ọ̀gá kan láti Mùṣín ló ń fi dí àbàtà tó fẹ́ kọ́lé sí. Ó fi àwòrán ọ̀gá náà hàn mí. Fìlà tí mo rà fún ọ lọ́dún Iléyá ló dé. Ó mà bá ọ mu o.

N kò bá ọ jà. Ọmọ mi ń kọ́lé, kí ni mo tún ń wá? Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ibi tí ìwọ́ ẹni bá wà nilé ẹni. Tèmi ti wọkọ̀ wá bá ọ, ti Yẹ̀kínnì àbúrò bàbá rẹ àti gbogbo ọmọ rẹ̀ náà ti wà lọ́dọ̀ rẹ. Nítorí náà a ti ń di ẹrù. Sọ fún Haleemah kó fi yàrá ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún mi nítorí orúnkún yìí, àwọn ewúrẹ́ mi kì í sì í sùn níta. Tètè fi owó ọkọ̀ gbogbo wa ránṣẹ́. Má fi gba báǹkì, ẹ̀rọ wọn kì í kí àgbà; Rilwan ni kó o fi rán.

Tó o bá sì rí i pé ilé náà kò ní gbà wá, Rilwan ní òfìfo ni típà òun máa ń padà wá síbí. Jẹ́ kó máa kó òkè wa bọ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ilé rẹ dúró, yóò sì fún ọ ní ọmọ tí yóò ṣe é fún ọ bí o ti ṣe é fún wa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìmíátù