Ojú Omi Tí A Dí

Abà Fámúyìwá,
Ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, Èkìtì.
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje, 1956.

Gbádégẹṣin ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀, mo kí ọ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì, mo kí ọ kú àjò Ìbàdàn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọlọ́run tó mú ọ gun ọkọ̀ lọ láìséwu ni yóò mú ọ gùn ún bọ̀, àmín. Àwa náà wà láàyè, ẹ̀yìn tó ń dun bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Wúràọlá àbúrò rẹ ti bí ọkùnrin, ọjọ́ mẹ́ta nìyí, ní ilé ọkọ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí. Má rò pé Tíṣà Ajíbádé tó ń ka lẹ́tà fún gbogbo abà ló bá mi kọ ọ́, òun kò gbọdọ̀ mọ̀. Láti oṣù Kejì ni mo ti ń lọ sí kíláàsì tí ó ń kọ́ àwa àgbà. Ó ní ilé ni kí n máa kọ, kí n má kọ ulé, ṣùgbọ́n bí o bá rí ulé níbì kan, fi orí jì mí, òun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìsédò ló mú mi kọ̀wé. O ti lọ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá sé odò wa. Amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ òkìtì dí i, wọ́n ń dà á ní ìpele ìpele, wọ́n sì ń gún un mọ́lẹ̀ títí ó fi ga ju bàbá rẹ lọ ní ìlọ́po méjì. Wọ́n gbin koríko sí i lára, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ gbin igi síbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí òkété gbẹ́ ihò sí i. Wọ́n ri òpó kan sínú omi, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i láti ọ̀kan dé méje, bíi pátákó tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà orin sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá rẹ ní orin tí ìjọba fẹ́ kí a máa kọ ni, nítorí náà bí a bá ti ń lọ pọnmi, à ń kọ orin kìíní títí dé ìkeje. Ohùn wa ti dára sí i.

Ṣùgbọ́n wọ́n fi ojú omi kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà, ó gùn bíi gọ́tà, ó sì rẹlẹ̀ ju orí òkìtì lọ. A ní bóyá amọ̀ ló tán lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ fi ní kí Tíṣà kọ̀wé bi ọ́ bóyá kí a dí i, nítorí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ya àwòrán afárá àti ìsédò ni o wà. O dá èsì padà pé: E ma di oju omi egbe okiti naa. Tíṣà kà á sókè lábẹ́ igi ọsàn pé o ní kí a máa dí i. Gbádégẹṣin, a dí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni tọkùnrin tobìnrin fi ru òkúta àti amọ̀, èmi náà ru tèmi, inú mi sì ń dùn pé ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni gbogbo abà ń tẹ̀lé.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Omi bo nọ́ńbà karùn-ún, ó bo ìkẹfà. Ẹ̀yìnkùlé Wúràọlá di ẹrẹ̀, omi kan sì ń sun jáde nídìí òkìtì, ó pọ́n bí omi tí a fi fọ ọkọ́. Tíṣà ní ìbùkún ni, pé ìsun tuntun ni. Èmi ò rí ìbùkún níbẹ̀, ẹ̀rù ló bà mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, Tíṣà kan náà kọ Má lọ sí pátákó, ó kọ Mã lọ sí abẹ́ rẹ̀, ó ní ìkejì yìí ni máa lọ. Ó ní kí a ṣọ́ àmì orí wọn, ti àkọ́kọ́ dúró bí igi, ti ìkejì wọ́ bí ekòló, ọ̀kan ń dá ni dúró, ọ̀kan ń rán ni lọ. Mo sáré délé, mo yọ lẹ́tà rẹ lábẹ́ ẹní. Ma tí o kọ kò ní igi, kò ní ekòló.

Mo mú un lọ bá Tíṣà. Ó bi mí pé ṣé èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé lánàá ni mo fẹ́ kọ́ òun ní kíkà, ṣùgbọ́n ó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá a padà fún mi. Mo lọ bá bàbá rẹ. Ó ní ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ohun tí ìjọba bá ní ká dí, ta ló tó tú u.

Mi ò sùn. Lẹ́tà yóò lo ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, èsì yóò lo ọ̀sẹ̀ kan, bí mo tilẹ̀ fẹ́ lẹ sítáǹbù méjì mọ́ ọn kí ó lè sáré ní ìlọ́po méjì. Òjò kò mọ sítáǹbù. Bó bá jẹ́ máa ni o kọ, tí mo sì tú ojú omi yẹn, òùngbẹ yóò gbẹ wá lọ́gbẹlẹ̀, a ó tún rìn lọ sí odò kejì bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ má ni, tí mo sì fi í sílẹ̀, òkìtì yóò ya, ta ni yóò ṣẹ́ kù tí yóò mu omi náà?

Ní òwúrọ̀ yìí mo gbé ọkọ́, mo lọ. Mo ti yọ òkúta bíi mẹ́wàá kí bàbá rẹ tó dé. Mo rò pé yóò fà mí lọ sílé ni. Ó bi mí ohun tí n ó sọ fún ọ bó bá jẹ́ pé máa ni, mo ní n ó bẹ̀ ọ́. Ó wo ilé tí ọmọ tuntun wà nísàlẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ òkúta. Kó tó di ọ̀sán Tíṣà náà gbé ọkọ́ dé, ó bá wa yọ òkúta. Omi ti ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ, nọ́ńbà kẹfà ti yọrí. Wúràọlá àti ọmọ ti wà lọ́dọ̀ mi ní ulé. Ẹrẹ̀ tí o rí lára tákàdá yìí, ẹrẹ̀ ibẹ̀ ni.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìkómọ, bí kò tilẹ̀ ní bá ọjọ́ náà mọ́. Kí o sì ra awò ojú kan fún Tíṣà, má sọ ìdí rẹ̀, kí ó lè rí nǹkan sọ fún abà pé ojú ló ń dun òun. Èèyàn rere ni, òun náà ló kọ́ mi ní ohun tí mo fi mọ àṣìṣe rẹ̀. Èsì tí mo ń retí kò gùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n fi àmì sí i.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá kọ kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, àmín. Ọmọ mi, má gbàgbé ulé. Wo orí má yìí dáadáa, igi ni mo fi sí i, kì í ṣe ekòló.

Èmi ìyá rẹ,
Monísọ́lá