Àwòrán Ilé tí Mo Tẹ̀ tí Kò Gbé Mi Délé

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? O ò ní fẹsẹ̀ kọ láàárín ìlú, ẹni tó bá ń ṣọ́ ìṣubú rẹ á ṣọ́ ọ tì. Àwa náà wà dáadáa, bí a bá yọ ti orúnkún mi kúrò àti ti òrùlé tó ń jò sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ.

Kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sì rán ẹ̀wù fún un kí òtútù má baà mú un. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní òdìkejì títì ló bá mi tàn án. Ó ní fèrèsé kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wo ohun tó wà nínú ikùn ẹ̀rọ àti ohun tó wà níta ní gbogbo ayé. Mo bi í pé ṣé orí ẹni tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ pé. Láti ọjọ́ náà, n kì í ṣí i láìwé gèlè, torí mi ò mọ ẹni tó ń wò mí láti ọ̀hún.

Àwòrán ilé kékeré kan wà lókè fèrèsé náà. Mo tẹ̀ ẹ́, ó gbé mi dé àárín ẹrù wa tí o ti kó sínú ẹ̀rọ náà: àwòrán olóògbé bàbá rẹ, àti tìrẹ nígbà tí eyín iwájú rẹ ká. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì mo tẹ ilé kan náà, ó jù mí sójú títì, ọkùnrin kan ń polówó tìmùtìmù fún mi. Mo kí i, kò dáhùn. Atúnrédíòṣe ní tí mo bá ti inú tẹ̀ ẹ́, inú ló ń gbé mi lọ, tí mo bá ti ìta tẹ̀ ẹ́, ìta ni. Mo ní irọ́ ni, ilé ni ilé ń jẹ́, ibi yòówù kéèyàn ti máa bọ̀.

O ní kò sídìí tí o fi máa rìnrìn àjò wá mọ́, pé gbogbo nǹkan ti wà nínú fèrèsé yẹn. Mo gbọ́, mo sì wá ọ níbẹ̀. Mo kọ "ọmọ mi" síbi tí wọ́n ń kọ̀rọ̀ sí. Nínú, ọmọ aláìléyín yẹn ló jáde. Níta, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló tú jáde bí eéṣú. Ìwọ gan-an kò sí níbì kankan. Ó dùn mí. Mo tún wá títí ojú fi ń ta mí, o ṣáà mọ̀ pé n kì í fi aṣọ sílẹ̀ láìṣẹ́ etí rẹ̀.

Nítorí náà, mo ti pinnu. Owó òrùlé ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Má fi í sínú fóònù, má fi rán onímọ́tò, má sì ní kí báńkì fún mi. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi gbé e wá. Bí ó bá gba ọ̀nà mìíràn, mo máa dá a padà, kí òjò máa rọ̀ lé mi lórí. Mo ti sọ fún káfíńtà pé kó má fọwọ́ kan pákó títí a ó fi rí ojú rẹ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀nà á là fún ọ, ojú á tún ojú rí. Àwòrán ilé yẹn á wà lórí ẹ̀rọ tìrẹ náà. Tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbé ọ wá síbí, a jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ mọ́tò.

Èmi ni, ìyá rẹ.